Kí Ẹ Tó Gbin Igi Sórí Òkè, Ẹ Wo Ẹnu Tó Máa Jẹ Ẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa igbó, tí díẹ̀ nínú yín sì ń bi mí bí iṣẹ́ ṣe rí ní àwọn òkè Scotland, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í sọ tán ní kíláàsì. Nílé, bí wọ́n bá ń dárúkọ ọ̀tá igbó, ayùn agégẹdú, iná àti oko la máa ń gbọ́. Níbí, ẹnu ẹranko ni. Àgbọ̀nrín ń jẹ, àgùntàn ń jẹ, ìkookò tí ì bá máa lé àgbọ̀nrín kiri sì ti run tipẹ́tipẹ́.

Ẹ ó dé orí òkè kan, ẹ ò ní rí igi kan ṣoṣo, ẹ ó sì rò pé òtútù àti ẹ̀fúùfù ni kò jẹ́ kó hù. Ẹ má tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbójú sókè sí ara àpáta àti etí ọ̀gbun tí ẹranko ò lè dé. Igi rowan sábà máa ń wà níbẹ̀, igi birch náà, nígbà mìíràn páìnì kan tó ti darúgbó. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tú inú heather, igi kúkúrú tó bo ilẹ̀ òkè, wò. Ẹ lè rí ọmọ igi tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ tó ti lo ọdún púpọ̀, tí wọ́n kàn ń jẹ orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí irú wọn bá pọ̀, ẹ má ra igi kankan. Ẹ gba ẹnu kúrò lára wọn, wọn á dìde fúnra wọn.

Bí kò bá sí rárá, ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀ gbígbìn. Ní Carrifran, àfonífojì kan ní gúúsù Scotland tí ẹgbẹ́ Borders Forest Trust rà ní ọdún 2000, ilẹ̀ ni wọ́n bi léèrè. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ayé àtijọ́ wà nínú peat (ilẹ̀ dúdú olómi tí ewéko tí kò jẹrà tán kóra jọ di) orí òkè ibẹ̀, kò sì tíì jẹrà, òun ni wọ́n sì fi mọ àwọn igi tó ti hù níbẹ̀ rí. Àwọn ni wọ́n gbìn, kì í ṣe igi spruce Amẹ́ríkà tí àwọn oníṣòwò pákó fẹ́ràn. Ẹ sì mú ọ̀pá dání láti fi gún ilẹ̀ wò: ibi tí peat bá ti jìn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, wọn kì í gbin igi síbẹ̀ mọ́.

Ọgbà wáyà tí a fi ń sé ẹranko síta wá ńkọ́? Ti àgùntàn ò ga ju nǹkan bíi mítà kan lé díẹ̀ lọ. Ti àgbọ̀nrín pupa ń lọ sí mítà 2. Gíga kọ́ ló le jù, ojú ibi tó máa gbà ni. Ẹni tó fi rúlà fa ilà ọgbà lórí máàpù nínú ọ́fíìsì ti jẹ gbèsè. Ẹ rin ojú ilẹ̀ náà nígbà òtútù, kí ẹ wo ibi tí ẹ̀fúùfù ń kó yìnyín jọ sí, torí bí yìnyín bá gun ara wáyà, ó ti di àkàsọ̀ fún àgbọ̀nrín nìyẹn. Níbi tí odò bá ti kọjá, ẹ gbé géètì tó ń fì kọ́ sórí odò, kí pàǹtírí tí omi ń gbé bọ̀ má fa gbogbo ọgbà ya. (Ẹ má rò pé ìgbà ooru dẹrùn o. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní midge á jẹ́ kí ẹ máa bẹ òtútù.)

Ẹyẹ tún wà. Capercaillie, tó ti fẹ́ tán ní Scotland, àti black grouse máa ń fò kọlu wáyà wọ̀nyí, wọ́n á sì kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so igi pẹlẹbẹ mọ́ wáyà kí wọ́n lè rí i. Níbòmíràn, ńṣe ni wọ́n yọ ọgbà náà kúrò pátápátá.

Àgbọ̀nrín tí ẹ ti síta kò kú, ó lọ jẹ ilẹ̀ aládùúgbò ni. Ẹ lọ bá onílẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ kí òpó ọgbà tó délẹ̀. Ní Creag Meagaidh, òkè kan ní Scotland tí ìjọba rà ní 1985, ọdẹ ni wọ́n fi dín àgbọ̀nrín kù láìṣe ọgbà, birch sì tún gun òkè. Ní tèmi, níbi tí gbogbo onílẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní ra wáyà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ṣọdẹ àgbọ̀nrín, wọn ò sì fẹ́ kó dín kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú wọn, ẹ ṣe ọgbà.

Tí orí igi bá ti kọjá ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín lè tó, ẹ tú ọgbà náà. Wáyà àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ káàkiri inú heather tó ń dè ẹranko lẹ́sẹ̀, torí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tán síbi rírì òpó. Owó títú u gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ẹ kọ́kọ́ kọ.