Ooru yàrá ìtọ́jú lónìí

Iná lọ lóru àná, ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìtọ́jú ìtànṣán sì kú mọ́jú. Nígbà tí a wọlé láàárọ̀, tẹmómítà wà ní 28°C, dípò 22 tó máa ń wà.

A jẹ́ kí linac, ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán sí jẹjẹrẹ, gbóná dáadáa ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ìlà lésà tó ń ti ara ògiri wá pàdé síbi tó yẹ. A kì í gbà kí wọ́n yẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ. A ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí ìtànṣán ń jáde, ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Kámẹ́rà ń ríran.

Ìwọ̀n ìtànṣán fúnra rẹ̀ ló kù. A to àwọn pátákó ike sórí bẹ́ẹ̀dì, a ki ohun ìwọ̀n kékeré sí àárín wọn, a sì tan 100 MU sí i (MU ni ẹyọ tí linac fi ń ka ìtànṣán tó ń tú jáde). Ohun tó kà fi 2.4% dín sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò kúkú kọjá 3%. Ẹ jẹ́ ká pe aláìsàn wọlé."

Òótọ́ ni, 3% ni ààlà ìwọ̀n òwúrọ̀ nínú ìlànà AAPM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2009. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà tó yí padà mọ́jú ní ohun tó yí i, mi ò sì lè fi ara aláìsàn wádìí rẹ̀. Bí ìtànṣán bá dín, jẹjẹrẹ lè ṣẹ́kù. Bó bá pọ̀, ẹran ara tó dá ṣáká ló máa jìyà. Mo ní kó ṣírò ooru mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ inú ohun ìwọ̀n yẹn a máa fẹ́lẹ́ bí ooru bá mú, kíkà rẹ̀ á sì fi bí 1% dín fún ìwọ̀n ooru 3 tó bá gùn sí i. Nígbà tó ṣírò tán, 0.4% péré ló kù. Linac ò ṣe nǹkan kan.

Mo sọ ti Zaragoza, ní Sípéènì, fún un. Ní oṣù Kejìlá 1990, wọ́n tún linac kan ṣe níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ láì kọ́kọ́ wọn ìtànṣán rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ ń tọ́ka sí 36 MeV (MeV ni ẹyọ ìwọ̀n agbára ìtànṣán), agbára yòówù tí wọ́n bá yàn, wọ́n sì rò pé abẹ́rẹ́ ló há. Aláìsàn 27 ni ìtànṣán àṣejù ṣe léṣe. Ìwọ̀n òwúrọ̀ kan ṣoṣo ì bá ti tú u fó. Ó ń dùn mí di òní.

Ìyá kan tó ti ń dúró níta bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín ò ní dá wa padà lónìí?"

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ mà. Kò ní dá yín padà. Tiyín la ṣì ń yẹ̀ wò."

A kọ ooru, ìfúnpá afẹ́fẹ́ àti kíkà méjèèjì sínú ìwé, èyí tí a ò tíì ṣírò ooru mọ́ àti èyí tí a ti ṣírò. Mo sì ti ké sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ: ẹ̀rọ amúlétutù yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí jẹnẹrétọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. N ó padà lọ wò ó kí n tó lọ sílé.