The Clash láìsí Joe Strummer kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́!

Àwa tá a máa ń gbọ́ orin pọ́ńkì (punk, orin gìtá tó le, tó sì yára) n'Ífẹ̀ níbí ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí la máa ń fà ní Lagere títí ilẹ̀ á fi ṣú: ṣó yẹ kí The Clash, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún kóra jọ nígbà tí Joe Strummer tó ń ṣáájú orin wọn ti kú láti 2002? Èmi ò fara mọ́ ọn o. Mick Jones tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà lè kọrin, Paul Simonon táwọn náà jọ wà ńbẹ̀ ṣì wà láyé, àmọ́ ohùn Joe tó há yẹn, tó ń bínú tó tún ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló fẹ́ bá wa gbé e? Àwọn kan á ní ṣebí Ṣeun ọmọ Fela ń darí Egypt 80, ẹgbẹ́ olórin bàbá ẹ̀, látìgbà tí Fela ti kú ní 1997, bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ló jogún bàbá ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, àtikékeré ló sì ti ń bá wọn kọrin. Èyí tí àwọn Joy Division, ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ṣe ló wù mí jù. Ian Curtis tó ń kọrin fún wọn kú ní 1980, àwọn tó kù ò lo orúkọ yẹn mọ́, wọ́n di New Order, wọ́n sì wá orin tuntun. Tí Mick àti Paul bá fẹ́ jọ ṣeré, màá gbọ́ ọ tayọ̀tayọ̀, kí wọ́n ṣáà má pè é ní The Clash.