Mo ka ọjà ọdún 2024, ó ku páálí kan

Bí ọdún bá ti ku ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kó parí, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ mi ní Ìkòròdú, màá jókòó sórí àpótí, màá sì ka ọjà. Sípéà ọ̀kadà ni mo ń tà: táyà, túùbù, púlọ́ọ̀gì, ṣéènì, bíréèkì. Ní 2022 tí ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkòròdú kò sí lára wọn, ọjà mi sì yá díẹ̀. Ti ọdún 2024 yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tí à ń rà ní 600 náírà àti díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti lé ní 1,000 kí oṣù kẹwàá tó parí. Ẹni tó bá ń fi gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ ra epo, táyà tó ti dán bí orí apárí ló máa gùn títí táyà á fi bẹ́.

Mi ò ní fi ìṣirò dá yín lágara. Mo san gbèsè àjọ tán, ọpẹ́ ni. Àbíkẹ́yìn mi wọ ilé-ìwé girama. Eyín mi kan kúrò lẹ́nu. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ṣéènì mọ́kànlá tó wà nínú páálí kan lábẹ́ tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ràn eré ọ̀kadà. Bí ọkọ mi bá ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń wo speedway lórí fóònù tèmi. Èèyàn mẹ́rin ló ń sáré pọ̀, wọ́n á yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí ilẹ̀ lásán, tí kò ní ọ̀dà. Alùpùpù wọn kò ní bíréèkì rárá, jíà kan ṣoṣo ló sì ní. Methanol ló ń mu, kì í ṣe epo tiwa yìí. Apá òsì ni wọ́n ń yà sí, wọ́n á wá kọ táyà iwájú sí ọ̀tún, ẹ̀yìn á máa yọ̀ lọ gbuurugbu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n fi irin bò wọ́lẹ̀. Bartosz Zmarzlik, ọmọ Póláńdì, tún gba ife àgbáyé ti ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́dún 2024, ìkarùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Inú ìsọ̀ ni mo ti hó yèè, oníbàárà tó wá ra túùbù bi mí bóyá ara mi yá.

Nítorí náà, nígbà tí mẹkáníìkì kan sọ fún mi pé àwọn ọlọ́kadà fẹ́ sáré lálẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, lórí pápá ilẹ̀ pupa kan lọ́nà Ìmọ́tà, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ọkọ mi ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ṣé àwọn tó ń pariwo sí wa létí láàárọ̀ náà lo fẹ́ lọ sanwó wò?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, 500 náírà.

Àṣé ilẹ̀ ló ni eré náà. Lórí fóònù, èèyàn ò lè mọ̀. Bó bá gbẹ jù, eruku ni. Bó bá tutù jù, ẹrẹ̀ ni. Ọkọ̀ omi kan rọ omi sí i nírọ̀lẹ́, táyà wá tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le gírígírí. Bí wọ́n ṣe ń sáré, táyà ń gbá ilẹ̀ tó rọ̀ lọ sí etí ìta, ó wá ga bí ebè. Ẹni tó láyà á gba orí ebè yẹn: ọ̀nà rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n táyà á rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ra á fún ara wọn pọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ méjì ń ké, iná wà lórí ọparun, ẹlẹ́pà àti oníparaga ń polówó. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Ọmọkùnrin kan tó wọ búlúù, tó ti tú fẹ́ńdà àti iná kúrò lára Bajaj rẹ̀, ló gba orí ebè. Oníbàárà mi ni. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ó ti wá ra ṣéènì. Mo gbé méjì síwájú rẹ̀, ojúlówó ní 9,000, èkejì ní 4,500. Ó gbé èkejì yẹ̀ wò, ó ní, “Àǹtí, ṣé èyí á gbé e?” Mo ní á gbé e.

Mo mọ̀ pé kò ní gbé e. Oníbàárà méjì ti dá irú rẹ̀ padà lóṣù yẹn. Mo kó o lọ́pọ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Ìyípo kẹta, òun ló wà níwájú, mo sì ń pariwo. Mo gbọ́ pàù! Ẹ́ńjìnnì ké tantan, alùpùpù ò lọ mọ́. Àwọn tó kù ya á sílẹ̀. Kò ṣubú, Ọlọ́run ló yọ mí. Ó rọra yí wá dúró lọ́kánkán ibi tí mo wà, ó bọ́ akoto, ó gbé ṣéènì náà nílẹ̀ bí ẹni gbé òkú ejò, ó wá ń yẹ ojú ibi tó ti já wò lábẹ́ iná. Mo fa ìborùn bojú. Wọ́n ṣì sáré púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ẹni tó gbégbá orókè, mi ò lè sọ.

Ọjọ́ Ajé ó wá sí ìsọ̀. “Àǹtí, ṣéènì yẹn já o. Ẹ̀bi mi ni ṣá, mo fà á le jù.”

Ní tòótọ́, bí ṣéènì bá le jù, ó lè já. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á. Mo kàn fún un ní ojúlówó, mo ní kó mú 4,500 wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní Ọlọ́run á bù sí ọjà mi. Ẹnu mi ò gba àmín yẹn dáadáa.

Ẹni tí mo ra páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òun kì í gba ọjà padà. Ọkọ mi ní kí n tà á fún àwọn tí kì í sáré. Mọ́kànlá lọ́nà 4,500 jẹ́ 49,500, owó ilé-ìwé sì ń bọ̀ ní oṣù kìíní. Nínú ìwé ọjà, mo ti kọ iye táyà, mo kọ iye túùbù, mo kọ iye púlọ́ọ̀gì. Mo fo ìlà ṣéènì. Mo ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Mọ́kànlá náà ni.