Ìlà Mẹ́ta Lára Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Àìkú. Aago 6 àárọ̀ ò tíì lù tí fóònù mi ti ń dún. Mo ti mọ ẹni tó ń pè kí n tó nawọ́ gbé e. Àbúrò mi ni. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí lóru.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ojú mi ti dá o. Mò ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́."

Mo ní kó padà lọ sùn. Ó rojọ́ títí, mo pa fóònù.

Ọ̀rẹ́ wa kan ló ṣe ọjọ́ ìbí lánàá. A jókòó tì í láti aago 10 alẹ́ títí di aago 1 òru. Omi ni mo mu, torí èmi náà gbé ọkọ̀ wá. Àbúrò mi mu ìgò bíà márùn-ún, àwọn ńlá yẹn. Nígbà tí a dìde, kò ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ahọ́n rẹ̀ ò wúwo, ó tilẹ̀ ń dápàárá. Ihò kọ́kọ́rọ́ ló tú u fó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ́kọ́rọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ihò náà, tó ń ha ọ̀dà ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò yó. Mo ti mu kọfí."

Ọ̀rọ̀ kọfí yìí ti sú mi. Kọfí kì í lé ọtí kúrò lára, omi tútù tí wọ́n ń dà sórí náà kì í lé e. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í sì í torí pé a ń kánjú kó yára: bíi wákàtí kan ló máa ń gbà á kó tó palẹ̀ ife bíà kékeré kan ṣoṣo mọ́. Ìgò ńlá kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì irú ife bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ṣírò ìgò márùn-ún. Aago 6 tó ń pè mí yẹn, ọtí ò tíì tán lára rẹ̀, ì báà ti sùn, ì báà ti wẹ̀. Ẹni tó mu kọfí lé bíà, ọ̀mùtí tójú rẹ̀ là sílẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kò purọ́ nígbà tó ní òun ò yó. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Kí ọtí tó dé ẹsẹ̀, ó ti dé ibi tí èèyàn fi ń wọn ara rẹ̀ wò nínú ọpọlọ. Ẹni tó yẹ kó sọ fún un pé "má lọ" ni ọtí kọ́kọ́ rẹ̀ sùn. Tí a bá wá dúró di òru kí a tó bi ọlọ́tí pé ṣé ó lè wa ọkọ̀, olè là ń ní kó dá ẹjọ́ olè. Kí wọ́n tó ṣí ìgò àkọ́kọ́ ló yẹ kí èèyàn ti mọ bó ṣe máa délé, tàbí kó kúkú fi ọkọ̀ sílé.

Tí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, bíi mítà 22 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ò rí ihò kọ́kọ́rọ́ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ṣé ọmọ tó sáré já títì ló máa rí?

Mo gba kọ́kọ́rọ́. Ó fárígá, ó ní mò ń dójú ti òun lójú àwọn ẹgbẹ́ òun. Òótọ́ ni, ojú tì í. Ojú ló sì ń ti púpọ̀ nínú wọn láti sọ pé "ẹ gbé mi délé." Nínú ọkọ̀ mi, mo sọ fún un pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ló ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé. Mo ní ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n ọtí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe gbèdéke fún awakọ̀ yòókù ni wọ́n ní kó jẹ́ ti ọ̀dọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀. Ó ti sùn. Afẹ́fẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Aago 2 ọ̀sán ló fẹsẹ̀ rìn dé. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọkọ̀ mi níta tó dábùú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò padé. Iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà sí òsì ṣì ń ṣẹ́jú, ó ti ń kú lọ. Mi ò rántí pé mo yà sí òsì. Mi ò rántí oríta kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ibẹ̀, mò ń wá ẹ̀jẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fetí sí ìròyìn, bóyá wọ́n máa ní ọkọ̀ kan gbá èèyàn lóru ọjọ́ yẹn, tó sì sá lọ.

Kò sọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kò wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ilẹ̀kùn, ó ń fi àtàǹpàkò ra ìlà mẹ́ta tó wà lára ọ̀dà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.