Kí Ẹ Tó Gba Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde gba orí ayélujára kan, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú rí fi ń béèrè ohun tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, jẹ́. Inú mi dùn sí i gidigidi. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà lára àwọn tó gbé àwòrán náà láti orí fóònù kan dé òmíràn, kò sì sí ẹni tó lè kó o padà mọ́, bó ti wù kí agbára rẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwòrán ìkọ̀kọ̀ ọmọ ilé-ìwé ń gbà lọ bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kíkọ́ ọmọ bí fáìlì ṣe ń rìn ṣe pàtàkì ju gbígba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá kan tó ń tajà ní Ṣábó, Ṣágámù, sọ fún mi pé, "Tíṣà, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti tì í mọ́ àpótí, ọkàn mi ti balẹ̀." Mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa lo ti ẹlòmíràn, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀, ẹ̀rù kò ní jẹ́ kí ó sọ ọ́ nílé.

Òmìnira ọmọ kì í ṣe ojúure tí àgbà ń ṣe fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, títí kan lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Òfin náà sì fi àyè sílẹ̀ fún òbí láti máa bójú tó o bí ó ti yẹ. Àwa àgbà náà mọ bí ó ṣe rí kí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́ ẹni, nígbà tí ìjọba dá Twitter dúró ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, tí ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ lẹ́yìn náà pé ohun tí ìjọba ṣe kò bá òfin mu.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí fáìlì gan-an. Dátà wọ́n, nítorí náà áàpù Xender ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gba orin àti fíìmù: fóònù méjì á fi Wi-Fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, láìná kọ́bọ̀. Orin kò níṣòro tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ olórin ni a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Áàpù ni kí a ṣọ́ra fún. GBWhatsApp tí àwọn ọmọ ń pín fún ara wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ WhatsApp, kò gba ilé ìtajà Google kọjá, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ibi tí ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú rẹ̀ ń lọ. Ti torrent, tí àwọn ènìyàn fi ń gba fáìlì láti orí ẹ̀rọ ara wọn, tún yàtọ̀: bí ọmọ ṣe ń gba fíìmù bẹ́ẹ̀ ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń pín in fún àwọn ẹlòmíràn, gbogbo wọn sì lè rí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Àwòrán ló ń kó mi láyà sókè jù. Bí a kò bá pa lókéṣọ̀n fóònù nígbà tí a ń ya àwòrán, fóònù lè kọ ọjọ́, wákàtí, irú fóònù àti ojú ibi tí a dúró sí gan-an sínú fáìlì náà. WhatsApp máa ń yọ wọ́n kúrò bí a bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Àgọ́-Ìwòyè tó fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, tó wá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí "Document", ti fi ọ̀nà yàrá rẹ̀ han ẹni tí kò mọ̀ rí.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi àwòrán ìhòòhò halẹ̀ mọ́ni gba owó. Ẹni tó ń ṣe bí ọmọbìnrin á bá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí Instagram, á kọ́kọ́ fi àwòrán tirẹ̀ ránṣẹ́, á béèrè ti ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni yóò to orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ọmọ náà sílẹ̀, tí yóò sì dá iye owó lé e. Ní ọdún 2024, Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Instagram, pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram ní Nàìjíríà rẹ́ nítorí irú ìwà yìí, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà sì rán tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Èkó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀, nítorí pé wọ́n fi irú ìwà yìí dẹ àwọn ọmọkùnrin, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n halẹ̀ mọ́ sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó dùn mí dénú, nítorí ọmọ wa ni ẹni tí wọ́n ń dẹ, ọmọ wa náà sì ni ọdẹ. Kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pẹ̀lú pé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015 ka títọ́jú tàbí pípín àwòrán ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sí ẹ̀ṣẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló pín in.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí ọmọ má ṣe san owó, nítorí ẹni tó gba àkọ́kọ́ yóò tún padà wá. Kí ó má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ó pe àgbà kan tó fọkàn tán. Ètò kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Take It Down, ọ̀fẹ́ ni, fún àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ènìyàn kò tíì pé ọdún 18. Orí fóònù ọmọ náà ni ó ti ń fa àmì kan, tó dà bí ìtẹ̀ka àwòrán náà, yọ lára rẹ̀, àwòrán fúnra rẹ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀. Àmì yẹn ni Facebook, Instagram àti àwọn mìíràn fi ń dá a mọ̀ tí wọ́n fi ń yọ ọ́, àmọ́ kò dé inú WhatsApp. Bí bàbá bá ti fi ìbínú fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀, nọ́ńbà ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ tó kọ, àti àwòrán tí à bá fi fa àmì yọ ti bá a lọ.