Ẹ Bá Nọ́ọ̀sì Kọ Fọ́ọ̀mù Ná, Kẹ́ Ẹ Tó Pe Sẹ́mínà

Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìdí tábìlì inṣọ́ránsì nílé ìwòsàn kan l'Adó ni mo ti ń jẹun, èmi ni wọ́n ń gbé fáìlì wá bá tí HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń san owó inṣọ́ránsì ìlera fún ilé ìwòsàn, bá ti dá kílémù padà, ìyẹn ìwé tá a fi ń béèrè owó ìtọ́jú, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló tó o.

Wọ́n ti yí òfin padà mọ́ àwọn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Òfin Lunacy, ìyẹn òfin ọ̀rọ̀ wèrè tá à ń lò tẹ́lẹ̀, ayé òyìnbó ló ti ṣẹ̀ wá, 1916, òun náà la sì ń fà bọ̀ títí di January 2023 tí Buhari fi fọwọ́ sí tuntun. Tuntun yìí ní kò sí fífi ṣẹkẹṣẹkẹ de aláìsàn mọ́, ó ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ìtọ́jú fún un kó gbà kẹ́ ẹ tó fún un. Kó tó dìgbà yẹn, May 2022, òfin NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó inṣọ́ránsì ìlera, ti sọ ọ́ di dandan. Ó dáa, a gbọ́. Wọ́n wá ń pe sẹ́mínà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á pín báàgì, wọ́n á pín jótà, míìtì páì á lọ yíká, ẹni tó wá láti Ọ̀mùò á sì padà s'Ọ́mùò láìmọ ohun tó máa kọ sí fọ́ọ̀mù láàárọ̀ Monday.

Inṣọ́ránsì ò mọ̀ pé o ṣiṣẹ́ o, ohun tó o kọ sílẹ̀ ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mò ń rí jù. Màmá kan á wọlé, á ní "Nọ́ọ̀sì, nǹkan ń rìn mí lórí, orí mi ń gbóná yàà bí ẹni fi ata pa á, oorun ò kùn mí mọ́." Gbogbo wa tá a dàgbà síbí mọ̀ pé ọdẹ orí ni wọ́n máa pè é nílé, àwọn dókítà ọpọlọ gan-an ti kọ̀wé lórí ẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ló wà nídìí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì á kọ "malaria" torí òun lọwọ́ ẹ̀ mọ́, dókítà á kọ fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọ́n á fi ránṣẹ́. HMO á wò ó pé kí ni ibà fẹ́ fi oògùn yìí ṣe, wọ́n á dá a padà, ilé ìwòsàn ò ní rówó gbà, tí màmá bá tún padà wá wọ́n á ní kó lọ ra oògùn ẹ̀ níta. Bẹ́ẹ̀, tó bá wà lórí ètò òṣìṣẹ́ ìjọba, náírà kan nínú mẹ́wàá owó oògùn péré ló yẹ kó san.

Ohun tí mo máa ń bá wọn ṣe ò le. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu màmá sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹ bi í pé láti ìgbà wo, torí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ bi í nípa oorun, oúnjẹ, ṣé ó ṣì ń lọ sọ́jà, ṣé ó ti ń ṣe é bíi pé kóun kú. Ẹ wá kọ orúkọ àìsàn, F32 ni kóòdù ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nínú ICD-10, ìwé orúkọ àìsàn tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Tó bá di pé ẹ fẹ́ darí ẹ̀ sí EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tàbí sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìdó, ẹ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO kó tó wọ mọ́tò, torí láìsí kóòdù àṣẹ yẹn kò sówó. Mo ti jókòó ti nọ́ọ̀sì kan n'Ìkọ̀lé, a jọ kọ ọ́ títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló ń kọ́ àwọn yòókù báyìí.

Ibi tó ti le ni ti ẹni tó gbé májèlé jẹ. Wọ́n á kọ ọ́ pé ó ṣèèṣì mu ún ni, torí ẹ̀rù abala 327 nínú Criminal Code ń bà wọ́n, èyí tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ẹni tó bá gbìyànjú láti para ẹ̀. Wọ́n á fọ ikùn ẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Mi ò lè dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi lórí ìyẹn, àwọn aṣòfin ni kí wọ́n lọ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó tí HMO ń san fún ilé ìwòsàn náà tún wà ńbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀, iye kan náà ni, ì báà jẹ́ pé o wá o, ì báà jẹ́ pé o ò wá o. Ta ló máa wá jókòó ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan nígbà tí èrò kún ìta? Àwọn nọ́ọ̀sì tó kù ńlẹ̀ gan-an, wọ́n ń japa. Mo rò pé àwọn tó ṣètò yìí, abẹ́rẹ́ àti dírípù ló wà lọ́kàn wọn.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan o. L'Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin Obama dé ní 2010 tó ní ìtọ́jú ọpọlọ àti ti oògùn olóró gbọ́dọ̀ wà lára ohun mẹ́wàá tí inṣọ́ránsì máa san fún, ọ̀pọ̀ ibi kéékèèké tó jẹ́ owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n fi ń gbé ara wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ bíìlì. Owó tí wọ́n yà sílẹ̀ ní 2009 kí àwọn ilé ìwòsàn fi gbé fáìlì wọn sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n yọ àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i?

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń pè sí sẹ́mínà ni àwọn wòlíì àti oníṣègùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni aláìsàn kọ́kọ́ ń dé níhìn-ín. Lambo, dókítà ọpọlọ, bá àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ l'Árò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, ó ní káwọn aláìsàn máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ayé sì yìn ín. Wòlíì kan ládùúgbò wa bi mí pé, "Bùrọ̀dá, wọ́n ní n má dè é mọ́, mo gbà, tó bá wá sá bọ́ sí títì lóru ńkọ́, ta ni kí n pè?" Kò sẹ́ni tó fún un ní nọ́ńbà kankan rí. Mo fún un ní ti nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan tó ń gbé nítòsí, nọ́ọ̀sì náà sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi àtàwọn kan ń tẹ àwòkọ́ fọ́ọ̀mù tá a ti kọ bó ṣe yẹ jáde báyìí. Tí HMO bá ti dá tiyín padà rí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan bo orúkọ aláìsàn.