Páìpù Ṣáájú Wáyà: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nínú Ilé Tí Wọ́n Ń Kọ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ wáyà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín mọ iná gílóòbù àti fáànù í so dáadáa. Àmọ́ tí onílé bá ti ní òun fẹ́ kí orin máa dún ní pálọ̀ àti lẹ́yìnkùlé, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì dé gbogbo yàrá, ẹ máa ń fa wáyà rẹ̀ bí ẹni tó ń fa iná. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ó sì ní ìlànà tirẹ̀.

Ohun tó dá mi lójú jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé páìpù ṣe pàtàkì ju wáyà lọ. Wáyà tí ẹ fi sínú ògiri lónìí, eku lè jẹ ẹ́, ó lè já, èyí tó dára jù ú lọ sì lè dé ọjà lọ́la. Bó bá wà nínú gaine (páìpù ọ̀rá tí wáyà ń gba inú rẹ̀), ẹ ó fà á jáde, ẹ ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì ni wọ́n rẹ́ lé e lórí, òòlù nìkan ló lè yọ ọ́. Wọ́n pè mí sí ilé kan rí lápá Ouando, tí wọ́n ti kun ọ̀dà sí, tí onílé ti kó wọlé. Wáyà tó lọ sí yàrá òkè kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà, kò sí fọ́tò, kò sí àkọsílẹ̀ kankan. Ìyá tó nilé ń wo ògiri rẹ̀ tó ń dán, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa fọ́ ọ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí owó páìpù tí wọn kò rà kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀dà yẹn.

Nítorí náà, ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó da dalle (kọnkéré àjà ilé). Ẹ má dúró kí onílé ránṣẹ́ pè yín. Ẹ bi bíríkìlà ní ọjọ́ tó máa to irin, nítorí àárín irin yẹn ni gaine gbọ́dọ̀ wà kí kọnkéré tó dé. Ẹ fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi tépù dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, torí omi sìmẹ́ǹtì tó bá wọnú rẹ̀ ti pa ọ̀nà yẹn nìyẹn. Ẹ fi okùn ọ̀rá sínú gbogbo gaine, títí kan èyí tó ṣófo. Mo máa ń fi ọ̀kan tó ṣófo láti ìsàlẹ̀ dé òkè sílẹ̀ nínú gbogbo ilé alájà, onílé ì báà bèèrè ì báà má bèèrè. Ẹ má sì kún un jù: wáyà kò gbọdọ̀ gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú páìpù lọ. Gaine 20 (mìlímítà 20 ni ìbú rẹ̀ láti ìta) yóò gba wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan sí méjì, gaine 25 yóò gba méjì sí mẹ́ta, bí wáyà náà bá ṣe nípọn tó.

Àwọn onílé kan á bi yín pé ṣé Wi-Fi kò tó ni. Ẹ fara balẹ̀ dá wọn lóhùn. Wi-Fi dára fún fóònù, àmọ́ bíríkì sìmẹ́ǹtì àti irin inú dalle máa ń gba agbára rẹ̀, pàápàá èyí tó ń lo 5 GHz (ìgbì Wi-Fi tó yára, àmọ́ tí kì í la ògiri dáadáa). Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ láàárín ìgboro wa, ògiri nípọn débi pé yàrá kejì lè má rí nǹkan kan gbà. Ẹ̀rọ Wi-Fi tó máa wà lókè gan-an, wáyà ló yẹ kó bọ́ ọ. Kí gbogbo wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan wá pàdé níbi kan ṣoṣo, níbi tí ràútà (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) máa wà, tí oòrùn àti omi kò ní dé. Wáyà yàrá kan kò gbọdọ̀ gba ara ti yàrá mìíràn kọjá, a kì í sì í fi tépù so ó pọ̀ nínú ògiri.

Ẹ ra wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Cat 6. Cat 5e, tó rẹlẹ̀ sí i, ń gbé gigabit 1 (ìwọ̀n ìsọfúnni) ní ìṣẹ́jú àáyá kan dé mítà 100, Cat 6 lè gbé gigabit 10 dé nǹkan bí mítà 55, èyí tó ju ohun tí ilé gbígbé nílò lọ. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, nítorí àlùmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi abẹ ha ojú rẹ̀: bí inú bá funfun, ẹ dá a padà. Ó máa ń tètè dá, bí kámẹ́rà bá sì ń gba iná láti inú rẹ̀, iná náà kì í dé ọ̀hún tán, wáyà á sì máa gbóná.

Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Kò yẹ kí agbára tí ẹ fi ń fa á ju ìwúwo kílò 11 lọ, ẹ má sì jẹ́ kó ṣẹ́ po níbikíbi. Wáyà mẹ́jọ inú rẹ̀, méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra, lílọ́ yẹn ló sì ń lé ariwo iná jìnnà. Tí ẹ bá ń so ẹnu rẹ̀, ẹ má tú u ju mìlímítà 13 lọ. Ẹ sì lo ìlànà àwọ̀ kan náà, T568B, ní ẹnu méjèèjì.

Iná ilé wa, 220 V ni. Ẹ má fi í sínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ti sípíkà láéláé: bí ara wáyà iná bá bó, ẹ̀mí ló wà nínú ewu. Bí wọ́n bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà kan, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín wọn. Bí wọ́n bá ní láti pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Ti sípíkà ni àwọn ọ̀dọ́ kì í ṣírò. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Sípíkà wà ní mítà 20 sí ẹ̀rọ. Iná ń lọ, ó ń bọ̀, mítà 40 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá lo wáyà 1.5 (ìwọ̀n ẹnu bàbà rẹ̀ ní mm²), ìdènà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́, tí à ń fi ohm wọ̀n, á tó ohm 0.47. Bí ẹ bá lo 2.5, á jẹ́ 0.28. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ni pé kí ìdènà wáyà má ju ìdá 5 nínú 100 ti sípíkà lọ. Fún sípíkà ohm 8, ohm 0.4 nìyẹn: wáyà 1.5 kò yege, 2.5 yege. Bí sípíkà bá jẹ́ ohm 4, ààlà á di 0.2, 2.5 pẹ̀lú kò tó mọ́; wáyà 4 ni kí ẹ rà. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n kó pẹ̀lú sípíkà nínú páálí, ẹ má gbé e wọnú ògiri.

Ẹ ṣọ́ pupa àti dúdú. Bí ẹ bá gbé wọn pààrọ̀ lára sípíkà kan ṣoṣo, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì á máa fà á sẹ́yìn, ohùn tó nípọn nínú orin, èyí tí à ń gbọ́ láyà, á dínkù gidi. Onílé á ní sípíkà òun kò dára. Ẹ fi bátìrì 1.5 V kan ẹnu wáyà díẹ̀: bí ojú sípíkà bá sún síta, pupa wà lára ẹnu bátìrì tó yọrí.

Fún kámẹ́rà ẹnu géètì, wáyà ìta, aláwọ̀ dúdú tí oòrùn àti omi kò lè tètè bà jẹ́, ni kí ẹ lò, torí ọ̀rinrin ọ̀sà wa kì í jẹ́ ti inú ilé pẹ́ níta.

Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ẹ dán gbogbo wáyà wò, kí ẹ sì tún dán an wò lẹ́yìn tó bá ti rẹ́ ẹ. Ẹ fi tépù ìwọ̀n lé ara ògiri, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí gíga àti jíjìn sí igun yàrá hàn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹnu méjèèjì wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya àwòrán ilé náà sórí bébà pẹ̀lú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ẹ fún onílé ní ẹ̀dà kan. Ẹ fi ìkejì sínú ọ̀rá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí ràútà, kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn yín lè rí i kà.